Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Bíréèkì Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Márúwá Nílé

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ Márúwá, yálà wọ́n ń wà á fúnra wọn ni o, tàbí wọ́n gbé e fún awakọ̀ tó ń san owó ọ̀sẹ̀ fún wọn: "Ṣúù tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, kí ló dé tí bíréèkì yìí kò tíì mú?" Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti náwó, ó sì ti fi odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan sórí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ nígbà tó bá tẹ pẹ́dáàlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ fóòmù, tàbí kí kẹ̀kẹ́ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi pé ẹnìkan dì í lọ́wọ́ mú. Iṣẹ́ bíréèkì ẹ̀yìn kò ju agbára ẹni tó mọ sípánà lò dáadáa lọ, ó sì ṣeé ṣe nínú àgbàlá ilé ẹni. Ohun tó ń dà á rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé wọ́n gbà pé ṣúù ni bíréèkì. Ṣúù ló kẹ́yìn nínú nǹkan bíi márùn-ún tí wọ́n so kọ́ra wọn láti àtẹ́lẹsẹ̀ awakọ̀ títí dé ara irin tó ń yí, àti pé bíréèkì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi méjì la ti ń ṣí i.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn ará Èkó fi orúkọ Mohammed Buba Marwa pè, ológun tó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní kẹ̀kẹ́ NAPEP nítorí ètò ìjọba àpapọ̀ fún mímú ìṣẹ́ kúrò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Bajaj RE àti TVS King ni ojú wa mọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun kan tó kọ́ níbẹ̀. Lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bí a bá tẹ bíréèkì, ẹrù ara á dà síwájú, táyà iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Kẹ̀kẹ́ Márúwá yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, èrò mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, ẹrù ọjà wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn níbẹ̀, awakọ̀ nìkan ló wà nítòsí táyà iwájú. Nítorí náà, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ru kẹ̀kẹ́, àwọn náà ló sì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá ti kú, kẹ̀kẹ́ tó kún fún èrò kò ní bíréèkì mọ́, ohun yòówù kí táyà iwájú ṣe.

Abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dáàlì, pẹ́dáàlì á ti ọ̀pá kékeré kan wọ inú máásítà, máásítà á sì ti ọ́ìlì bíréèkì gba inú àwọn páìpù tín-ín-rín tó lọ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ dé ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí táyà ẹ̀yìn, ọ́ìlì náà á wọ inú sìlíńdà kékeré kan tí ó lè bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á sì ti písítìn méjì inú rẹ̀ síta, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Àwọn písítìn wọ̀nyí ló ń ti ṣúù méjì tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ara ṣúù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ láínì mọ́, láínì yìí ló sì ń fara gbo inú dúrọ́ọ̀mù tó ń bá táyà yí. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dáàlì, sípíríǹgì á fa ṣúù méjèèjì padà sáàyè wọn.

Ìdí tí wọ́n fi lo ọ́ìlì kò ṣòro láti rí. Ẹ mú omi inú ọ̀rá kan, píọ́ wọ́tà tí à ń mu lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ kan. Lójú ẹsẹ̀ ni igun kejì á wú, nítorí omi kò ṣeé fún kéré. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ nínú ọ̀rá náà, afẹ́fẹ́ ló máa kọ́kọ́ súnkì, igun kejì kò sì ní tètè mọ̀ pé ẹnìkan tẹ nǹkan. Bí bíréèkì ṣe rí gan-an nìyẹn. Páìpù tó kún fún ọ́ìlì nìkan ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ láìkù síbì kan; páìpù tí afẹ́fẹ́ wọ̀, awakọ̀ á tẹ̀ ẹ́ títí, afẹ́fẹ́ ni yóò máa tẹ̀.

Ohun kan máa ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí dúrọ́ọ̀mù lẹ́nu: ṣúù méjèèjì inú rẹ̀ kì í jẹ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé aṣiṣẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn ló ṣe é ní ìṣekúṣe. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń yí lọ síwájú, ó ń wọ́ ọ̀kan nínú ṣúù náà mọ́ra, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti iwájú, gẹ́gẹ́ bí igi tí a há sábẹ́ ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń tì: bí atẹ́gùn ṣe ń tì í tó ni igi náà ń há sí i. Ṣúù kejì ni dúrọ́ọ̀mù ń tì sẹ́yìn, kò sì ṣiṣẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ló ń tètè tán. Ohun tó yẹ kó kọ ẹni lóminú ni bí ṣúù iwájú ti ọ̀tún bá tán tí ti òsì ṣì nípọn, torí ìyẹn ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ti ń dá iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì ṣe fún ìgbà pípẹ́.

Ooru ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Gbogbo eré tí kẹ̀kẹ́ ń sá ni bíréèkì ń sọ di ooru nígbà tó bá dá a dúró, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, láti 20 sí 40 kìlómítà ní wákàtí kan, ooru tí dúrọ́ọ̀mù máa gbà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tó kó èrò mẹ́ta tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Màpó ní Ìbàdàn, tí awakọ̀ sì fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé e kúrò. Dúrọ́ọ̀mù á gbóná, irin tó bá sì gbóná á fẹ̀, nítorí náà dúrọ́ọ̀mù á máa sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù. Láínì tó gbóná kọjá àlà kì í di irin mú bó ṣe yẹ mọ́. Bí ọ́ìlì inú sìlíńdà bá tún jẹ́ ògbólógbòó, ó lè hó, èéfín tó bá sì jáde lára rẹ̀ á dà bí afẹ́fẹ́ inú píọ́ wọ́tà yẹn. Lójijì ni pẹ́dáàlì á wọlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, bíréèkì á padà bọ̀ sípò bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, mẹkáníìkì tí wọ́n bá gbé e lọ bá kò sì ní rí àìsàn kankan. Jíà kékeré ló yẹ kí awakọ̀ fi sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì bá a dì í mú, kó sì máa tẹ bíréèkì kó tún máa gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra ṣúù, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe bíréèkì. Bí pẹ́dáàlì bá rọ̀ bí fóòmù, tó ń ta padà sókè lábẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù, ṣúù tuntun kò sì lè yọ ọ́ jáde. Bí pẹ́dáàlì bá wọlẹ̀ jìnnà nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tó ga sókè tó sì le nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ó sábà máa ń jẹ́ pé àyè tó wà láàárín ṣúù àti dúrọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù, yálà nítorí pé láínì ti jẹ tàbí nítorí pé ẹni tó ṣe é kẹ́yìn kò sún un mọ́ra. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dáàlì mọ́lẹ̀ tí ẹ sì dì í mú, tó wá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ́ìlì ń sá lọ síbì kan: ó lè jẹ́ pé ó ń jò síta níbi sìlíńdà tàbí páìpù, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà inú máásítà ti jẹ, tí ọ́ìlì ń yọ́ kọjá lára rẹ̀ padà sínú àpótí tí à ń bu ọ́ìlì sí láìsí ìkán kan nílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí wọ́n á wo gbogbo abẹ́ kẹ̀kẹ́, wọn ò ní rí jíjò, wọ́n á sì tún padà sórí ṣúù.

Ọ̀ràn kẹrin ni pẹ́dáàlì tó ga, tó le bí òkúta, tí kẹ̀kẹ́ kò sì dúró. Níbí, ẹsẹ̀ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ọ́ìlì náà ti parí tirẹ̀, ojú láínì ni kò mú. Ó lè ti yó fún ọ́ìlì tàbí gíríìsì, ó lè ti gbóná títí tí ojú rẹ̀ fi le tó sì ń dán, ó sì lè jẹ́ ayédèrú tí kò mú láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Níbí nìkan, àti níbi tí láínì bá ti jẹ tán, ni ṣúù tuntun ti jẹ́ ìdáhùn gan-an.

Mo ti sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ bíréèkì kan. Nǹkan tó kọ́ mi nìyí. Nígbà kan, mo pààrọ̀ ṣúù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan, torí pé mo fi ojú wo ti òsì, ó sì nípọn. Ó nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti le, ó ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀tán, èmi kò sì fún ìyẹn ní láárí. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta tí ṣúù tuntun ti jókòó dáadáa, òjò rọ̀, ojú títì sì ń yọ̀. Ewúrẹ́ kan já wọ títì, awakọ̀ tẹ bíréèkì, táyà ọ̀tún dì mú, ti òsì ń yí lọ, imú kẹ̀kẹ́ sì kọjú sí gọ́tà kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá oníṣu kan àti ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fara pa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan fi èkejì sílẹ̀ mọ́, mi ò sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àtiṣọ́ owó ná. Ọ́ìlì ń pín agbára ẹsẹ̀ dọ́gba fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí láínì méjèèjì kò bá di irin mú bákan náà, ìdọ́gba agbára yẹn gan-an ló máa yí kẹ̀kẹ́ po.

Iṣẹ́ wá kàn. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí. Iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ kò dára, torí jáàkì á rì. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì ṣe èyí tọkàntọkàn, nítorí pé lára táyà ẹ̀yìn ni bíréèkì ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ kò sì lè yọ dúrọ́ọ̀mù láìtú u sílẹ̀. Èyí ni pé ní gbogbo àkókò iṣẹ́ náà, òkúta iwájú yẹn nìkan ló di kẹ̀kẹ́ mú. Jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò wà fún ìdúró; bí kẹ̀kẹ́ bá ti ga, ẹ gbé igi líle tàbí irin ìdúró sábẹ́ férémù kí ọwọ́ tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ríìmù kẹ̀kẹ́ Márúwá nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ìlàjì méjì ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ di ríìmù kan, àwọn nọ́ọ̀tì kan ló so ìlàjì méjèèjì, àwọn mìíràn ló so ríìmù mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá tú èyí tó so ìlàjì méjèèjì nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kún inú táyà, ríìmù á fọ́n ká lójú rẹ̀ bí ìbọn, ó sì lè pa á. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ tú, bí iyè méjì bá sì wà nínú ọkàn, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tán nínú táyà náà. Vúlúkánáísà á fi afẹ́fẹ́ padà sí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn tí táyà bá kúrò, ẹ máa rí nọ́ọ̀tì ńlá kan láàárín, tí pínnì gba inú rẹ̀ kọjá kí ó má bàa yọ lójú ọ̀nà. Ẹ tọ́ ẹnu pínnì náà, ẹ fà á jáde, kí ẹ sì jù ú nù. Pínnì tuntun ni ẹ máa fi dá a padà, torí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń kán. Ìgbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ ló rọrùn jù láti dẹ nọ́ọ̀tì ńlá yìí, bí ihò ríìmù bá gbà á láyè, nítorí ó máa ń le gan-an. Bí dúrọ́ọ̀mù bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má fi irin kọ́ ọ láti ẹ̀yìn, torí ẹ máa tẹ irin pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ṣúù ti jẹ ipa sínú dúrọ́ọ̀mù, etí ipa náà ló sì ń kọ́ ṣúù. Ẹ dẹ kéébù bíréèkì ọwọ́, ẹ dẹ ohun tí wọ́n fi ń sún ṣúù mọ́ra, kí ẹ sì fi òòlù lu igi tí ẹ gbé lé etí dúrọ́ọ̀mù káàkiri, díẹ̀díẹ̀. Á jáde.

Eruku dúdú tó máa dà sílẹ̀ kì í ṣe eruku lásán. Asbestos, ohun tó rí bí òwú tín-ín-rín tí iná kì í jó, wà nínú àwọn láínì kan, a kò sì lè fi ojú mọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́. Mo máa ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ẹnu fẹ́ dúrọ́ọ̀mù tàbí tó ń fi afẹ́fẹ́ vúlúkánáísà fẹ́ ẹ, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ da omi ọṣẹ sí i kó tutù, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì di àkísà náà sínú ọ̀rá dànù. Ẹ bo imú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípíríǹgì kankan, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibẹ̀ láti ọ̀tún, láti òsì àti láti iwájú tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì títí tí ẹ fi máa parí ti àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kò tíì tú ni àwòkọ tó dára jù. Mo mọ ẹni tó tú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó to gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, tí adìyẹ sì wá jẹ̀ láàárín wọn.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù wà lára sìlíńdà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni rọ́bà kékeré kan wà bí fìlà. Ẹ fi ìka ṣí etí rọ́bà náà díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, ó dára. Bí ìka yín bá tutù fún ọ́ìlì, rọ́bà inú ti jẹ, àfi kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà tàbí odindi sìlíńdà náà, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọ́ìlì yẹn máa fi dé orí láínì tuntun, láínì tó bá sì ti mu ọ́ìlì bíréèkì kò ṣeé fọ̀ kó padà bọ̀ sípò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹni tó ń ran yín lọ́wọ́ tẹ pẹ́dáàlì nígbà tí ẹ bá ti yọ dúrọ́ọ̀mù kúrò. Kò sí ohun tó máa dá písítìn dúró mọ́, á fò jáde, ọ́ìlì á dà sílẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan á sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ní ti dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi ìka gba inú rẹ̀ kọjá. Bí èékánná bá ń kọ́ nínú ipa jíjinlẹ̀, tàbí tí ẹ bá rí ìlà fífọ́, ó ti tó pààrọ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n fífẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sára rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá kàn ń dán, sáńdípépà ti tó. Ní ti ṣúù àtijọ́, bí láínì tí wọ́n lẹ̀ bá ti kù bíi mìlímítà 2, ẹ má retí kó tán. Èyí tí wọ́n fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn, kí orí ríbẹ́ẹ̀tì tó súnmọ́ ojú ni kó ti kúrò níbẹ̀, torí orí irin yẹn ló ń ya ipa sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ gbé ṣúù tuntun lé ti àtijọ́ lórí, kí gígùn, fífẹ̀ àti ojú ihò wọn dọ́gba. Ohun tó bá yàtọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Gíríìsì tó lè fara da ooru ni kí ẹ fi kan àwọn ibi tí etí ṣúù ti ń fara kan irin ẹ̀yìn, ìwọ̀nba tó máa tàn lójú ìka, kí ó má sì dé ojú láínì rárá.

Tí ẹ bá ti to ṣúù àti sípíríǹgì padà bó ṣe wà nínú fọ́tò, ẹ fi dúrọ́ọ̀mù bò ó, ẹ dì nọ́ọ̀tì ńlá dé ìwọ̀n tí ìwé kẹ̀kẹ́ yín kọ, ẹ sì fi pínnì tuntun sí i. Ìgbà yìí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò dá tó kàn. Ẹ sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù títí tí dúrọ́ọ̀mù kò fi ní rọrùn yí mọ́, kí ẹ wá dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀ títí tí yóò fi máa yí, tí ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìgbà tí ìgbálẹ̀ bá ń kan sìmẹ́ńtì. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀yìn èyí nìkan ni kí ẹ tó mú kéébù bíréèkì ọwọ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ fa kéébù le ti gbé ṣúù kúrò ní ààyè rẹ̀, kò sì ní mọ ìwọ̀n gidi mọ́.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, èyí tó ní ọwọ́ ìdarí alùpùpù níwájú tí wọ́n fi ń kó omi àti sìmẹ́ńtì, yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ọ́ìlì lọ sẹ́yìn. Ọ̀pá irin ni pẹ́dáàlì ń fà, ọ̀pá náà á sì yí irin pẹlẹbẹ kan tó ń ya ṣúù méjèèjì. Ọ́ìlì máa ń dúró de ṣúù tó jìnnà kí agbára tó dé, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú àyè kì í fa kẹ̀kẹ́ Márúwá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pá irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ti ọ̀tún bá kúrú ju ti òsì lọ pẹ̀lú ìyípo nọ́ọ̀tì méjì péré, ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ mú nígbà gbogbo. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹnìkan máa tẹ pẹ́dáàlì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà méjèèjì títí tí wọ́n fi máa dì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí kò bá ṣí páìpù tàbí sìlíńdà kankan kò nílò láti fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tó bá ṣí i gbọ́dọ̀ ṣe é. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹ fi hóòsì kékeré tó mọ́ gaara bọ orí nípù, ẹnu kékeré tó wà lẹ́yìn sìlíńdà, kí ẹ ri ẹnu kejì sínú ọ́ìlì bíréèkì nínú ìgò. Ẹnìkan á tẹ pẹ́dáàlì mọ́lẹ̀ á sì dì í mú, èkejì á dẹ nípù, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á jáde bí ìfóòfòó, á dì í padà, ìgbà náà nìkan ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè gbé ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra ṣáájú kí nípù tó dì, afẹ́fẹ́ náà ti padà wọlé. Táyà tó jìnnà jù sí máásítà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì parí sí tiwájú. Ẹ máa bu ọ́ìlì sínú àpótí òkè láàárín, torí bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ sára ìdérí àpótí náà ni kí ẹ lò, DOT 3 tàbí DOT 4. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, DOT 4 kò gbọ́dọ̀ hó kí ó tó dé 230°C, ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, bó bá sì ti mu ún tó, ìwọ̀n náà lè já wálẹ̀ sí 140°C àti 155°C. Ìdí nìyẹn tí ike tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá kò fi dára mọ́, bó tilẹ̀ kù púpọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń lò fún jíà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù fọ rọ́bà. Rọ́bà á wú, bíréèkì á sì há tàbí kó máa jò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbé èrò. Ẹ wà á ní ojú ọ̀nà tó dá, ní eré bíi 20 sí 30 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ máa dá a dúró jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù láàárín, títí tí ojú láínì tuntun á fi bá inú dúrọ́ọ̀mù mu. Bí ẹ bá dúró, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ dúrọ́ọ̀mù méjèèjì láìfọwọ́ kàn án: ooru wọn gbọ́dọ̀ jọra. Èyí tó gbóná jù, ṣúù rẹ̀ ń há. Èyí tó tutù, kò ṣiṣẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ tún sún ṣúù mọ́ra díẹ̀, torí láínì ti jókòó, kí ẹ sì ṣí àpótí ọ́ìlì wò. Bí láínì ṣe ń jẹ ni ọ́ìlì inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n láínì ọ̀sẹ̀ kan kò tíì jẹ. Bí ọ́ìlì bá ti fi àmì tí ẹ bù ú dé sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, ó ń jò síbì kan, ẹ má sì gbé èrò títí tí ẹ fi máa rí ibẹ̀.